Ife Mẹ́rìndínlógún àti Ife Kan

Ọjọ́ tí Àsàmọ̀ kọ́kọ́ rí Olúbọ̀dé, ọmọ aláìsàn ló rò pé ọkùnrin náà gbé sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó dì í mọ́ àyà, ó fi ògbólógbòó aṣọ òfì wé e, ó fi ọwọ́ kan gbé e nídìí, ó fi èkejì gbá a mú lẹ́yìn. Nígbà tí dírẹ́bà fẹ́ bá a gbà á, ó yí ara padà bí abiyamọ tí kò fẹ́ kí àlejò gbé ọmọ òun. Oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Kábà, eruku títì Òkénè sì ti kun ọkùnrin náà ní pupa láti irun orí dé bàtà. Eyín rẹ̀ nìkan ló funfun, nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ Àsàmọ̀ gan-an ló forí lé. Ìsọ̀ bàbá rẹ̀, Ràsákì, ni ọmọbìnrin náà jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì, bẹntiróò àti ọ́ìlì ọkọ̀. Bàbá Elépo ni gbogbo ìlú ń pe Ràsákì. Ọmọ ogún ọdún ni Àsàmọ̀, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí kó tó ṣaláìsí, láti ìgbà tó sì ti lè di àrọ mú ló ti ń wọn epo fún oníbàárà.

"Okun o," ọkùnrin náà kí i.

"Okun o. Ẹ kú ìrìn. Kí ló ṣe ọmọ?"

Ọkùnrin náà wo ohun tó gbé dání, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kò sóhun tó ṣe é. Ebi ló ń pa á."

Ó gbé e sílẹ̀, ó tú aṣọ ara rẹ̀. Irin gígùn pẹlẹbẹ kan ló yọ, ẹ̀wọ̀n eléyín wẹ́wẹ́ yí i ká, ẹ́ńjìnnì tó tóbi tó orí àgbò sì wà nídìí rẹ̀. Ayùn tó ń fúnra rẹ̀ gé igi ni. Àwọn ará ọjà ti ń kóra jọ. Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fa okùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan náà bú ramúramù. Ewúrẹ́ tó wà lábẹ́ ìsọ̀ fò gun orí àpò iyọ̀. Ìyá kan da ẹ̀gúsí inú igbá rẹ̀ nù. Bàbá Elépo sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́, ó ń bèèrè bóyá lọ́rì ló ya wọlé.

Àsàmọ̀ nìkan ni kò sá. Ó tẹjú mọ́ èéfín rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́.

"Èéfín yẹn ti funfun jù," ó wí. "Lọ́rì tó bá ń jẹ ọ́ìlì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àfi bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Òótọ́ lo sọ. Mo kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ lójú ọ̀nà ni. Lọ́rì ní ibi tó ń gbé ọ́ìlì tirẹ̀ sí lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n eléyìí ò ní. Inú bẹntiróò rẹ̀ gan-an la ń po ọ́ìlì sí, ibẹ̀ ni gbogbo irin inú rẹ̀ ti ń rí ohun fi para. Ife mẹ́rìndínlógún bẹntiróò, ife ọ́ìlì kan. Bí ọ́ìlì bá dín, irin á máa jẹ irin. Bó bá sì lé, á máa wúkọ́ bí arúgbó."

"Ọ́ìlì wo? Èyí tí wọ́n ń fi sí máṣíìnì ìránṣọ ń bẹ. Èyí tí wọ́n kọ ọgbọ̀n sí lára ń bẹ. Ti ogójì náà ń bẹ."

"Ti máṣíìnì ìránṣọ fúyẹ́ jù, iná á ti jó o tán kó tó dé ibi tí à ń rán an. Ti ogójì sì ki jù fún ọyẹ́ yìí. Wọn ti ọgbọ̀n fún mi."

Àsàmọ̀ mú agolo, ó da ife ọ́ìlì kan sí i, ó wá ń bu bẹntiróò lé e, ó ń fi ẹnu kà á jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tó kà á dé mẹ́jọ, ó dé agolo náà, ó mì í dáadáa kó tó bu ìyókù.

"Ta ló kọ́ ọ pé ọ́ìlì ló ń ṣáájú?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ohun tó ki ni. Bí mo bá dà á lé e lórí, ṣebí ìsàlẹ̀ ló máa lọ jókòó sí?"

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà tún ké, èéfín rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èémí òwúrọ̀. Olúbọ̀dé bọ́ fìlà rẹ̀ fún Àsàmọ̀ níwájú gbogbo ọjà. "Adájọ́ Epo," ó wí, "mo gbà fún ọ."

Ọmọ ìlú Ìyá-Gbẹ̀dẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìyá ní kúkúrú. Ọdún mẹ́fà ló fi gé gẹdú nínú igbó Sápẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tó sì rí kó bọ̀ nílé kò ju ayùn náà lọ. Àwọn ará Ìyá fẹ́ ṣí ewé orí ilé-ìwé wọn kúrò kí wọ́n fi páànù kan án, wọ́n sì ti bá a sọ pé kó la pákó àti igi àjà rẹ̀ fún wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá ra epo. Nígbà mìíràn, agolo rẹ̀ kò tíì dé ìdajì, síbẹ̀ á wá.

"Ṣé ó ti tán ni?" Àsàmọ̀ á bi í.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Mo ń gbọ́ ọ tó ń dún nínú agolo."

"Àdàlù tó bá pẹ́ nílẹ̀ kì í dára mọ́. Tuntun ni ayùn mi ń fẹ́."

"Ayùn yín ni àbí ẹ̀yin?"

Ní ọjọ́ ọjà kan nínú oṣù kìíní, tààrà láti inú igbó ló gbà wá. Àsàmọ̀ bu omi fún un. Omi náà ń ta sílẹ̀ láti inú ife, ó sì ń kán sí i láyà.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ṣé ibà ni?"

"Ẹ́ńjìnnì ni. Bí mo bá di ayùn yẹn mú láti àárọ̀, ọwọ́ mi kì í tètè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí."

Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́ tán, ó fẹ́ gbé ife náà sílẹ̀. Àsàmọ̀ bọ́ sí iwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọwọ́ rẹ̀ lórí ife. Ó ń gbọ́ bí egungun ìka rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n riri. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dákẹ́.

"Rọra mu ún," ó wí.

Olúbọ̀dé mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀. "O ò pè mí ní 'ẹ̀yin' mọ́."

"Mo gbàgbé ni."

"Jọ̀ọ́, má rántí mọ́, ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ mi."

Nínú oṣù kejì, Olúbọ̀dé wá bá Bàbá Elépo. Ernest, tísà àgbà ilé-ìwé Ìyá, ló bá a wá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ràsákì gbọ́ wọn tán, ó ń fi ìka ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́," ó wí, "ọmọ mọ́ṣáláṣí ni tèmi. Ìyá sì jìnnà. Ẹ má bínú."

Moses, àbúrò rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà, dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n, èmi tí ẹ ń wò yìí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Abọ́ kan náà la ṣì jọ ń jẹun."

"Ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ fi fọ́kọ," Ràsákì dá a lóhùn, ó sì dìde.

Ní Ìyá náà, Rhoda, ìyá Olúbọ̀dé, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní òun ò fi ọmọ sílẹ̀ fún Sápẹ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kó tó tún wá bọ́ sọ́wọ́ elépo Kábà. Olúbọ̀dé sọ gbogbo rẹ̀ fún Àsàmọ̀, kò fi kankan pa mọ́.

"Mo máa dúró," ó wí. "Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, mo máa tún wá dọ̀bálẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Àsàmọ̀ ń nu ẹnu àrọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ṣé mo ti sọ fún ọ pé mò ń lọ síbì kan?"

Ní ìparí oṣù kẹta, ọmọ àǹtí rẹ̀ bímọ ní Ìfẹ̀ ti Ìjùmú, Àsàmọ̀ sì lọ bá wọn ṣe ìsọmọlórúkọ fún ọjọ́ méjì. Bó ṣe padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan inú ìsọ̀ tó fi gbọ́ ohùn Tísà Ernest.

"Ọ́ìlì tí ẹ tà fún wa ti pa ẹ́ńjìnnì! Igi dúró láìgé tán, pákó kò pé, a sì ti ṣí ewé orí ilé-ìwé. Abẹ́ igi máńgòrò làwọn ọmọ ń jókòó. Bí òjò bá dé lọ́la ńkọ́?"

"Wàláì, ti ọgbọ̀n ni mo wọ̀n fún un," Ràsákì wí. "Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo dírẹ́bà Kábà gbọ́ irú ọ́ìlì tí ẹ ń tà."

Àsàmọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí Moses mú irinṣẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wọ ọkọ̀ tí Ernest bá padà sí Ìyá.

Lẹ́bàá igi ọ̀gànwó kan tí wọ́n gé dé ìdajì ni wọ́n bá Olúbọ̀dé. Ayùn náà wà lórí itan rẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé dúró níbẹ̀, Rhoda náà sì wà láàárín wọn, ó ká ọwọ́ gbera. Moses fa okùn ẹ́ńjìnnì náà. Kò mira. Inú rẹ̀ ti gan pa.

Àsàmọ̀ gbé agolo epo tó kù, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ́ kí bẹntiróò ibẹ̀ fò lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù dúdú. Ó fi ìka méjì rà á. Ó ń họ bí iyanrìn kíkúnná, ó sì ń rùn bí ohun tó ti jóná rí. Ó mọ̀ ọ́n. Ọ́ìlì tí wọ́n tú nù láti inú lọ́rì ni, èyí tí bàbá rẹ̀ ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé kí wọ́n lè kun ẹsẹ̀ òpó nítorí ikán. Ìkòkò rẹ̀ kò jìnnà sí ti ọgbọ̀n nínú ìsọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ríran kò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ dúró. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń dúró kí oníbàárà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó tó pe orúkọ wọn. Ó rántí bó ṣe ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ó pe Olúbọ̀dé sẹ́yìn igi náà.

"Bàbá mi ò ríran mọ́," ó wí, omi sì lé sí i lójú. "Òun fúnra rẹ̀ ló fi í pa mọ́, èmi tí mo ń bá a gbélé kò sì mọ̀. Ọ́ìlì òpó ló wọ̀n fún ọ. Bí mo bá sọ ọ́ níbí, kò sẹ́ni tó máa ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á ní o ò mọ iṣẹ́. N ò mọ èwo ni kí n ṣe."

Olúbọ̀dé wo ayùn rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló wà nínú irin yẹn.

"Mo rí i pé àdàlù náà dúdú," ó wí. "Òjò tó ń ṣú ni mò ń wò, mo kàn dà á sínú ẹ́ńjìnnì. Nu ojú rẹ."

Ó padà síwájú àwọn àgbà náà. "Tísà, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bá Bàbá Elépo wí. Èmi ni mo ni ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo gbà á, tí mo rí i, tí n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ mi ló yẹ kó dá a mọ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Wọ́n bá a wí gan-an. Ọ̀kan nínú wọn ní Sápẹ́lẹ̀ tó lọ, omi ló lọ mu níbẹ̀. Olúbọ̀dé dojú bolẹ̀. Àsàmọ̀ dúró lẹ́yìn igi náà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ dájú lọ́jọ́ yẹn ẹni tí òun máa fẹ́.

Nígbà tó délé, oòrùn ń wọ̀. Ó bu oríṣi ọ́ìlì méjì sínú àwo méjì, ó gbé wọn síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èwo ni ti ọgbọ̀n?"

Ràsákì na ìka rẹ̀. Àsàmọ̀ rọra di ọwọ́ náà mú. "Ojú ni kí ẹ fi wò ó."

Bàbá náà ti àwo méjèèjì sẹ́yìn.

"Ó lé lọ́dún kan," ó wí. "Bí ìkùukùu ni. Ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ pàápàá, mo ń rántí rẹ̀ ju bí mo ṣe ń rí i lọ." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í bojú. "Èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ó mọ̀?"

"Mo sọ fún un."

"Kí ló wá sọ fún wọn?"

"Ó ní ọwọ́ òun ló yẹ kó dá a mọ̀. Wọ́n bú u, kò dárúkọ yín."

Ràsákì sunkún, bí ọkùnrin àgbà ṣe ń sunkún, láìsí ariwo. "Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì," ó wí. "Àsàmọ̀, mo purọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí o bá lọ sí Ìyá, ta ló máa sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́?"

Àsàmọ̀ gbé orí lé e lórúnkún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Elépo ní kí Moses fi kẹ̀kẹ́ gbé òun lọ sí Ìyá. Ó dúró níwájú Ernest àti gbogbo ìgbìmọ̀, ó sọ ọ́ fún wọn láti ẹnu ara rẹ̀ pé òun ni òun ṣi ọ́ìlì wọ̀n, pé ojú òun ti lọ. Ernest fi ìjókòó rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Kò sí dírẹ́bà kankan tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n kàn ń sọ ni pé kí Àsàmọ̀ máa wọ̀n ọ́n, kí bàbá máa bá àwọn tàkúrọ̀sọ.

Wọ́n gbé ayùn náà wá sí ìsọ̀ Moses ní Kábà. Moses tú u palẹ̀. Písítìnnì rẹ̀, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ti fá, òrùka ara rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò fọ́. Dírẹ́bà kan ṣèlérí òrùka tuntun láti Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Olúbọ̀dé àti Àsàmọ̀ fi jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń fi sáńpépà tó kúnná jù fọ irin náà, bí ẹni ń fọ eyín ọmọ.

"Rọra," Olúbọ̀dé á wí. "Bí o bá fá a jù, á ṣe fẹ́lẹ́."

"Ìwọ ni kó o rọra. Ta ló bà á jẹ́ nínú àwa méjèèjì?"

"Adájọ́ mi, má tíì dájọ́."

Ní ọjọ́ kẹta yẹn ni Rhoda gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wá láti Ìyá. Ó ti mú ọ̀rọ̀ dání lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ líle. Ó wá bá ọmọbìnrin kan tí dúdú ọ́ìlì gùn dé ìgbùnwọ́, tó tún kun imú, tó ń fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí nínú ihò kékeré tí kò sí ọkùnrin tí ìka rẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Àsàmọ̀ fò dìde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ò dáa."

Rhoda wò ó. Ó wo ọmọ tirẹ̀. Ó sọ oúnjẹ náà kalẹ̀, ó ṣí i.

"Ṣé o ti jẹun?" ó bi Àsàmọ̀.

"Rárá, màmá."

"La ẹnu." Ó bu iyán, ó fi run ọbẹ̀, ó fi sí i lẹ́nu. "Irú iṣẹ́ wo rèé fún ọmọ obìnrin? Imú rẹ gan-an ti di ti ológbò."

Òrùka dé láti Ìbàdàn. Àsàmọ̀ wọn ife mẹ́rìndínlógún, ó wọn ife kan, ó sẹ́ gbogbo rẹ̀ gba inú aṣọ funfun. Olúbọ̀dé fa okùn, ẹ́ńjìnnì náà sì ké. Kíá ló padà sínú igbó. Pákó pé ní ọjọ́ kẹsàn-án tó padà síbẹ̀, wọ́n sì kan páànù tó kẹ́yìn mọ́ ilé-ìwé Ìyá ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, ọjọ́ méjì kí òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀.

Lẹ́yìn òjò náà ni Olúbọ̀dé tún wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Ràsákì.

"Ọmọ mi á máa kírun rẹ̀ nínú ilé rẹ?"

"Á máa kí i, bàbá. Bí mo bá ń ti igbó bọ̀ tí mo bá a lórí ẹní, mo máa jókòó síta títí á fi ṣe tán."

"Ìyá ńkọ́?"

"Kábà ni mo fẹ́ la pákó sí. Moses ti fún mi ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yín, bí ẹ bá pe Àsàmọ̀, á gbọ́."

Ràsákì na ọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó kan iwájú orí rẹ̀, ó kan àgbọ̀n rẹ̀ tí kò fá. "Dìde," ó wí. "Àna mi kì í pẹ́ nílẹ̀."

Nínú oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe é, lágbàlá Bàbá Elépo. Lèmọ́mù ṣàdúrà, ẹni tó ń darí ìjọ Ìyá náà ṣàdúrà, gbogbo èèyàn sì ṣe àmín sí méjèèjì. Nígbà tó yá, Ràsákì pe ọmọ rẹ̀ síwájú.

"Àsàmọ̀, wọ́n ní àwọn wá fẹ́ ọ. Ṣé kí n gbà?"

"Ẹ gbà, bàbá."

"Bí mo bá gbà á, n kì í dá a padà o. Ṣé kí n gbà?"

"Ẹ gbà."

Bàbá náà fẹ́ bèèrè ẹ̀kẹta bí wọ́n ti ń ṣe é, ó la ẹnu, kò lè sọ ọ́. Àsàmọ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú bàbá rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí, ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ràsákì mi orí pé òun gbà. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin náà yí padà, ó rìn gba àárín àwọn èèyàn kọjá lọ síbi tí Olúbọ̀dé jókòó sí lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Rhoda sún fún un.